Kí Òjò Tó Dé: Ìtàn Òrùlé àti Ìtọ́jú Ilé ní Ọ̀tà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òjò kì í wo ojú olówó, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣàánú tálákà. Ilé tí wọ́n bá ti tún ṣe kí ó tó dé ni ó máa ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìlú àwọn òyìnbó, ìgbà ọ̀gìnnìtìn ni wọ́n ń múra ilé dè, nítorí òtútù àti yìnyín. Ní Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a kò ní yìnyín tó ń bo òrùlé. Òjò ni tiwa, àti ọyẹ́ tó ń ṣáájú rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn bí àwọn ènìyàn agbègbè wa ṣe ń múra ilé de òjò, láti ayé òrùlé ewé àti koríko títí di ayé páànù tí a wà yìí. Ohun tí ìtàn náà kọ́ mi ni pé nígbà tí òrùlé wa yí padà, a rò pé iṣẹ́ ọdọọdún ti parí. Ṣùgbọ́n òjò kò yí àkókò tirẹ̀ padà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òjò fúnra rẹ̀. Ní Ọ̀tà, àkọ́rọ̀ òjò máa ń dé ní oṣù Ẹrẹ́nà tàbí oṣù Igbe, tòun ti ìjì àti àrá. Ó lè má pẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ rẹ̀ le, òun ni ó sì máa ń ká òrùlé kúrò lórí ilé. Ní oṣù Òkúdù, òjò máa ń pọ̀ ju ti àwọn oṣù yòókù lọ. Ní oṣù Ògún, ó máa ń sinmi díẹ̀, kí ó tó tún padà ní oṣù Owéwe àti Ọ̀wàrà. Orúkọ oṣù kẹwàá yìí tó ẹ̀kọ́, nítorí ọ̀wàrà òjò ni a ń pe òjò tó bá ń dà sílẹ̀ wàrà-wàrà. Láti ìparí oṣù Bélú títí wọ inú oṣù Èrèlé ni ẹ̀ẹ̀rùn. Ọyẹ́ a máa fẹ́ wá láti ìhà aṣálẹ̀ Sàhárà, igi a máa gbẹ, ògiri amọ̀ a sì máa sán. Nítorí náà, oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni àyè wà láti tún ilé ṣe nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Àwọn baba ńlá wa kò ní kàlẹ́ńdà lára ògiri, ṣùgbọ́n wọ́n mọ àwọn oṣù wọ̀nyí bí ẹní mowó.

Àwọn Àwórì ni ó tẹ Ọ̀tà dó. Ìtàn wọn so wọ́n pọ̀ mọ́ Ilé-Ifẹ̀ àti mọ́ Ìṣẹ̀rì ní etí odò Ògùn. Bí àwọn Yorùbá yòókù, agbo ilé ni wọ́n ń gbé, ògiri amọ̀ ni wọ́n sì ń mọ. Wọn kì í mọ ògiri amọ̀ tán lọ́jọ́ kan. Ìpele kan ni wọ́n ń mọ, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ni àkókò ilé kíkọ́. Bí òjò bá bá ògiri tútù níbi tí kò tíì ní òrùlé, yóò wó o palẹ̀. Òrùlé ni agboorùn ògiri amọ̀. Nítorí èyí, wọ́n máa ń jẹ́ kí òrùlé náà gùn kọjá ògiri, kí ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀ lè bọ́ sí òkèèrè, kí omi má bàa jẹ ìdí ilé.

Ohun tí wọ́n fi ń bo ilé yàtọ̀ láti ibì kan sí òmíràn. Samuel Johnson, àlùfáà àti òpìtàn tí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá jáde ní 1921, kọ nípa koríko bẹẹrẹ tí wọ́n fi ń bo ilé ní ilẹ̀ ọ̀dàn, àti ewé gbòdògì tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ igbó. Ní ẹkùn ọ̀sà àti odò tó sún mọ́ tiwa, imọ̀ ọ̀pẹ àti imọ̀ ògùrọ̀ wọ́pọ̀. Ohun yòówù kí wọ́n lò, ọgbọ́n kan náà ni. Wọ́n á to ẹkẹ, wọ́n á fi okùn dì í, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í to ewé láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, kí ti òkè lè gun orí ti ìsàlẹ̀. Òjò tó bá bọ́ sórí ewé kan yóò ṣàn lọ sórí èkejì, títí yóò fi dé ilẹ̀. Wọ́n máa ń jẹ́ kí òrùlé náà dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ dáadáa, nítorí bí omi bá dúró lórí koríko, yóò wọlé.

Kì í ṣe ewé nìkan ló ń dáàbò bo ilé. Èéfín iná tí wọ́n ń dá nínú ilé máa ń gòkè lọ sínú òrùlé, a máa mú ewé gbẹ, a sì máa lé ikán àti kòkòrò. Ilé tí ènìyàn bá kó kúrò nínú rẹ̀, tí wọn kò dá iná níbẹ̀ mọ́, kíá ni òrùlé rẹ̀ máa ń jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin a máa fi amọ̀ àti ẹlẹ́bọ́tọ màlúù pa ilẹ̀ àti ara ògiri, kí ó lè dán, kí ó má sì sán. Àwọn ọkùnrin a máa la ojú àgbàrá yí agbo ilé ká, kí omi lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà.

Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí wọ́n bo ilé dáadáa tó, òrùlé ewé àti koríko kì í pẹ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n yọ èyí tó ti jẹrà, kí wọ́n fi tuntun dípò rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n á tú gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún un bò. Iṣẹ́ yìí pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ. Òun ni wọ́n fi ń bẹ ọ̀wẹ̀. Ẹni tó fẹ́ bo ilé yóò ké sí ẹbí, ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ àti àwọn tó fẹ́ ọmọ rẹ̀, wọ́n á sì yọjú tagbára-tagbára. Ọkọ ọmọ tí kò bá wá sí ọ̀wẹ̀ àna rẹ̀ mọ̀ pé ìtìjú ń bọ̀. Kò sí owó iṣẹ́. Oúnjẹ àti ẹmu ni onílé yóò pèsè. Nígbà tó bá kan ẹlòmíràn, òun náà yóò lọ. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ọ̀wẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá a.

Àkókò ìtọ́jú òrùlé ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọ̀rọ̀ ìjọba ní ibòmíràn ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́, wọ́n ní ọdún Bẹẹrẹ. Lọ́dọọdún, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ìlú tó wà lábẹ́ Aláàfin máa ń gbé koríko bẹẹrẹ wá láti fi tún òrùlé ààfin bò. Ẹrù koríko náà jẹ́ ìṣákọ́lẹ̀, ó sì jẹ́ àmì pé ìlú tó gbé e wá ṣì ń sin Aláàfin. Ẹ wò ó bí ọgbọ́n náà ti jinlẹ̀ tó. Ọba tó lágbára jù nígbà náà kò lè sọ pé òun yóò fi òrùlé òun sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Òjò kì í mọ ọba. Nítorí náà, wọ́n fi ìtọ́jú òrùlé ṣe ọdún, wọ́n lu ìlù sí i, wọ́n jó sí i, kò sì sẹ́ni tó lè gbàgbé.

Òrùlé koríko ní ọ̀tá kan tó burú ju òjò lọ, iná ni. Nínú ọyẹ́, ẹ̀ta iná kan láti ilé ìdáná lè jó odidi àdúgbò. Ní ìgbà ogun, iná ni ọ̀tá kọ́kọ́ ń fi sí ìlú. Ọ̀tà mọ ogun dáadáa, nítorí ní 1842 ni àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun ìlú náà. Ní oṣù Ọ̀pẹ 1851, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó láti lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò, iná jó apá ńlá nínú ìlú náà. Ẹni tó bá ti rí irú iná bẹ́ẹ̀ rí yóò mọ ìdí tí inú àwọn ènìyàn fi dùn nígbà tí òrùlé tí kì í jóná dé.

Òrùlé náà ni páànù. Ní 1829 ni Henry Robinson Palmer, ẹnjiníà ní èbúté ọkọ̀ London, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irin fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ̀ ní ìgbì bí ojú omi. Ìgbì náà kì í ṣe ẹwà lásán. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú bébà kan, ẹ na ọwọ́ mú un ní etí kan, yóò tẹ̀ wọ̀ọ̀. Ẹ wá ká bébà náà síwá sẹ́yìn bí abẹ̀bẹ̀, ẹ ó rí i pé yóò dúró gbọin. Bẹ́ẹ̀ ni irin fẹ́lẹ́ ṣe ń lágbára. Ní 1837, Stanislas Sorel, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ri irin sínú síńkì yíyọ́, kí ó má bàa tètè dípẹtà. Àwọn ọgbọ́n méjèèjì yìí ló bí páànù tó gba gbogbo ayé kan. Ó fúyẹ́, ó ṣeé tò jọ nínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn káfíńtà díẹ̀ sì lè fi bo ilé láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Etí òkun ni páànù ti kọ́kọ́ gbajúmọ̀, lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn Sàró. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Èkó ní 1896. Ó gba apá Àgége àti Ifọ̀ kọjá, kò jìnnà sí Ọ̀tà, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Ohun tí orí ènìyàn kò lè rù láti Èkó, ọkọ̀ ojú irin lè gbé e. Owó náà sì wà. Ní Àgége, nítòsí wa níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ bí J. K. Coker ti ń gbin kòkó, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ ní 1907. Owó kòkó àti owó obì di páànù lórí ilé. Ilé onípáànù di àmì ọlá. Títí di òní, ibùdókọ̀ kan wà ní Èkó tí à ń pè ní Onípáànù. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ fún wa pé ìgbà kan wà tí páànù jẹ́ ohun tí a lè fi dá ènìyàn mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀.

Kí ni páànù fún wa? Ó gbà wá lọ́wọ́ iná. Ó gbà wá lọ́wọ́ ikán àti ìjẹrà. Ó jẹ́ kí a lè gbe omi òjò tó mọ́ ju ti orí koríko lọ. Ilé tí wọ́n bá fi páànù tó nípọn bò lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó ní láti tún un bò. Èyí tóbi, kò sì sí ẹni tí orí rẹ̀ pé tí yóò ní kí á padà sí òrùlé koríko. Ṣùgbọ́n páànù gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa tí a kò fura sí. Nígbà tí òrùlé kò nílò àtúnṣe lọ́dọọdún mọ́, a kò bẹ ọ̀wẹ̀ rẹ̀ mọ́. Káfíńtà la ń san owó fún. Nígbà tí a kò bẹ ọ̀wẹ̀ mọ́, kò sí oṣù kan pàtó mọ́ tí gbogbo ilé ń gbójú sókè wo òrùlé.

Páànù náà sì ń bàjẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń bàjẹ́, ojú kì í tètè rí i. Ibi ìṣó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Oòrùn a máa mú páànù gbòòrò lọ́sàn-án, a sì máa sún kì lóru, títí ihò ìṣó yóò fi tóbi. Omi á gba ibẹ̀ wọlé, ìpẹtà á bẹ̀rẹ̀, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ á jẹrà. Ìjì àkọ́rọ̀ òjò tó bá bá ìṣó tó ti dẹ̀ yóò ká páànù náà bí ẹní ká ẹní. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ìṣòro tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé òjò ló ń fi ibi tó ń jò hàn wá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣeé tún un ṣe. Ní oṣù Òkúdù tí omi ń kán sórí ibùsùn, káfíńtà kò lè gun páànù tó ń yọ̀. Abọ́ ni a óò gbé sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí oṣù Ọ̀pẹ bá dé, tí páànù gbẹ, tí káfíńtà wà, omi kò kán mọ́, a ti gbàgbé. Àwọn baba wa ní ohun tó ń rán wọn létí, ìyẹn oṣù ọ̀wẹ̀. Àwa kò ní in mọ́.

Ohun mìíràn tún dé lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òrùlé asbestos ní orílẹ̀-èdè wa, ní ilé iṣẹ́ ní Ìkejà àti ní Emene lẹ́bàá Enugu. Asbestos kì í dípẹtà, kì í sì í pariwo bí páànù nígbà òjò, nítorí náà ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọba lo ó. Lẹ́yìn náà ni ayé wá mọ̀ pé eruku asbestos, bí ènìyàn bá fà á símú, lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dè é pátápátá ní 1999. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, bí òrùlé tàbí àjà àtijọ́ bá jẹ́ asbestos, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fọ́ ọ, ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, ẹ má sì fi ayùn gé e. Ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ ni kí ẹ pè.

Ní ọjọ́ 3, oṣù Èrèlé, 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ìlú Ọ̀tà súnmọ́ Èkó, òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta sì gba Ṣàngó kọjá. Láti ìgbà náà ni ilé iṣẹ́ ti ń dé, títí Ọ̀tà fi di ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí jù ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wá, láti gbogbo ẹ̀yà. Ní ìkànìyàn 2006, ènìyàn 526,565 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí nílò ilé kíákíá. Wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé oníyàrá kan-kan, tí ilẹ̀kùn dojú kọ ilẹ̀kùn, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní face-me-I-face-you. Ẹni tó bá dúró lórí afárá Ṣàngó, tó wo ìsàlẹ̀, lè ka ìtàn ìlú náà lórí òrùlé: páànù àtijọ́ tó ti pọ́n bí ilẹ̀ pupa, asbestos tó ti dúdú, àti alùmíníọ́mù aláwọ̀ búlúù àti aláwọ̀ ewé ti òde òní.

Nínú agbo ilé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń béèrè ẹni tó ni òrùlé. Gbogbo ẹbí ló ni ín. Nínú ilé àyágbé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ayálégbé a ní onílé ló yẹ kó tún òrùlé ṣe. Onílé, tó lè máa gbé ní ìlú mìíràn, a ní òun kò mọ̀ pé ó ń jò. Ẹni tó wà ní yàrá kejì a ní tòun kò jò. Báyìí ni omi yóò ṣe máa kán, tí ògiri yóò máa mu omi, tí èbu yóò máa hù lára rẹ̀, tí ọmọ kékeré yóò sì máa wúkọ́ lóru. Àkúta ni ó wá pọ̀ jù, nítorí gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ló rò pé ẹlòmíràn ni yóò ṣe é.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí òrùlé ló ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ pẹ̀lú. Omi tó bọ́ láti orí páànù gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Bí gọ́tà bá kún fún ọ̀rá àti ìdọ̀tí, inú ilé ni yóò yà sí. Ìbàdàn ti fi ojú rí èyí. Ní ọjọ́ 31, oṣù Ògún, 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ìdọ̀tí ti dí ojú odò náà, àwọn ènìyàn sì ti kọ́lé sí etí rẹ̀. Ẹ kíyè sí oṣù tó ṣẹlẹ̀. Oṣù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òjò ń sinmi ni. Ìjọba ológun tó wà lórí àléfà ní 1984 àti 1985 fi ìmọ́tótó àyíká ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ìlú ń jáde ṣe. A lè sọ pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n dá padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọlọ́pàá àti sójà ló ń mú ènìyàn jáde. Ọ̀wẹ̀ tí a fi ipá ṣe kì í tọ́jọ́.

Àwọn kan wà ní ayé tí kò jẹ́ kí ọ̀wẹ̀ wọn parun. Ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n parí ní 1907. Lọ́dọọdún, kí òjò tó dé, gbogbo ìlú máa ń jáde láti fi amọ̀ tuntun rẹ́ ara rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á gun igi tó yọ síta lára ògiri, àwọn obìnrin á pọn omi, ọjọ́ ọdún ni. Ní Shirakawa-gō, ní ilẹ̀ Japan, níbi tí yìnyín ti máa ń ga gan-an nígbà ọ̀gìnnìtìn, òrùlé koríko tó dà gẹ̀ẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò. Bí ó bá kan ilé kan láti bò, ọ̀pọ̀ ará abúlé ni yóò gun òrùlé náà papọ̀. Wọ́n ń pe àṣà yìí ní yui. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i yóò sọ pé ọ̀wẹ̀ nìyí. Ní England, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí wa ń gbé, kò sí ọ̀wẹ̀, òfin ló rọ́pò rẹ̀. Òfin onílé àti ayálégbé ti 1985 sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ onílé láti tọ́jú òrùlé, ògiri ìta àti gọ́tà, àti ohun tó ń mú ilé móoru. Nítorí náà, ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. Ibì kan fi ọdún ṣe é, ibì kan fi àdéhùn àárín ara wọn ṣe é, ibì kan fi òfin ṣe é. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé ojúṣe ní orúkọ ẹni tó ni ín, ó sì ní àkókò.

Àwọn kan lè sọ pé àìlówó ni, kì í ṣe àìrántí. Òótọ́ ni pé páànù àti alùmíníọ́mù ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣó mẹ́wàá nínú oṣù Ṣẹrẹ kò tó owó òrùlé tuntun nínú oṣù Igbe. Pípa ihò kan dí kò tó owó àjà, bẹ́ẹ̀dì àti ìwé ọmọ tí omi bàjẹ́. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ ni ó tilẹ̀ yẹ kó tètè ṣe é jù.

Kí ni a lè ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan àti kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan fún òrùlé. Nígbà òjò Owéwe àti Ọ̀wàrà, kí ẹnìkan kọ ibi tó ń jò síbẹ̀, kó sì fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ògiri lábẹ́ rẹ̀. Èyí jẹ́ iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe láìgun ibi gíga. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò yan ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹrẹ, tí onílé àti ayálégbé yóò jọ wo òrùlé, kí wọ́n sì pe káfíńtà kan fún ọ̀pọ̀ ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí owó rẹ̀ lè dínkù. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí onílé àti ayálégbé kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn wọn, ta ni yóò tún òrùlé ṣe, àti nínú oṣù wo. Lẹ́ẹ̀kẹrin, kí gbogbo àdúgbò kó gọ́tà kí oṣù Ẹrẹ́nà tó parí, kí wọ́n sì tún un kó nínú oṣù Ògún tí òjò bá sinmi.

Orúkọ Ṣàngó tí oríta wa ń jẹ́ jẹ́ orúkọ òrìṣà tí àwọn baba wa gbà pé ó ni àrá. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó máa wo ojú sánmà. Kí àrá tó sán, wọ́n ti gé ewé, wọ́n ti fa okùn, ẹgbẹ́ ti pé, ọ̀wẹ̀ ti parí. Páànù tiwa le ju ewé tiwọn lọ. Ó ku kí a ní oṣù kan nínú ọdún tí a óò jọ gbójú sókè wò ó, oṣù Ṣẹrẹ sì dára fún un.